Orúnkún ń ro mí, oorun ò sì kùn mí lóru: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí orúnkún mi méjèèjì ti ń dà mí láàmú. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní làkúrègbé ni. Láti èṣí ni ìbàdí náà ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Oorun ló wá ń yọ mí lẹ́nu jù báyìí. Bí mo bá ti ọjà dé tí mo jẹun tán, aago mẹ́jọ ààbọ̀ mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ó ti rẹ̀ mí. Alabukun kan tàbí Panadol Extra méjì ni mo máa ń lò kí n tó sùn. Tó bá di aago kan ààbọ̀ òru, ojú mi á là, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, n ó sì máa yí ọ̀tún yí òsì títí di aago márùn-ún ààbọ̀ tí mo ń dìde. Lọ́sàn-án, n ó máa tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ àbúrò mi ní kí n ra Lexotan, oògùn tó ń mú oorun wá. Àwọn kan ní kí n máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní fóòmù líle ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kí n sì jáwọ́ nínú ìṣọ́ òru tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìfaradà, mà. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, orúnkún àti ẹ̀yìn ni mo sì ń fojú rí jù. Ṣùgbọ́n kí n tó kan orúnkún yín, ohun tí ẹ ń gbé mì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni mo fẹ́ fà yọ.

Aspirin àti káfíìnì ló wà nínú Alabukun. Panadol ni Panadol Extra lóòótọ́, àmọ́ káfíìnì ni «Extra» tó wà lára rẹ̀: mílígíráàmù 65 nínú hóró kan, 130 nínú méjì. Káfíìnì yìí náà ló wà nínú kọfí, òun ló sì wà nínú obì. Wọn kò fi ibi sí i. Ó máa ń jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa, bí èèyàn bá sì lò ó lọ́sàn-án, kò burú. Tí ẹ bá lò ó nígbà tí ẹ fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ yí padà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì káfíìnì tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí aago kan ààbọ̀, wákàtí márùn-ún géérégé ni. Ní àkókò tí ojú yín ń là yẹn, ìdajì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ara yín.

Nítorí náà, láti alẹ́ òní, bí ẹ bá máa lo oògùn ìrora kí ẹ tó sùn, Panadol lásán ni kó jẹ́, èyí tí kò ní «Extra». Hóró méjì tó. Kó má ju hóró mẹ́jọ tí ó jẹ́ mílígíráàmù 500 lọ láàárín ọjọ́ kan, ẹ sì ka paracetamol, ìyẹn oògùn tó wà nínú Panadol, tó bá wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu tàbí tó ń mutí kò gbọdọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà. Ti Alabukun, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò yẹ kí ẹ máa lò ó lálaalẹ́. Aspirin tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó lè ta ko oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè pa kíndìnrín lára, ó sì lè dá egbò sí ikùn. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ti ń lò ó. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dárúkọ rẹ̀ rárá, torí wọn ò kà á sí oògùn. Ohun tí ẹ lè bi dókítà náà ni jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí wọ́n ń fi pa orúnkún. Díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, fún orúnkún ó sì dára.

Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń mú kí èèyàn tọ̀, bíi Moduretic, tó sì jẹ́ pé alẹ́ lẹ ń lò ó, ìtọ̀ lè wà lára ohun tó ń jí yín. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Ẹ má fúnra yín yí i padà.

Lexotan ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ó máa ń mú oorun wá lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ara á mọ́ ọn, hóró kan kò ní tó mọ́, bí ẹ bá sì fẹ́ jáwọ́, àìsùn á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lágbára, tó wá jí lóru láti lọ tọ̀ pẹ̀lú Lexotan lójú, ìṣubú ló ń wá kiri. Bí èèyàn bá sì lò ó pọ̀ mọ́ tramadol, oògùn ìrora tó le, mímí lè falẹ̀ títí tí yóò fi dúró. Ní 2016, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù sára páálí irú àwọn oògùn méjèèjì nítorí èyí. Piriton tí àwọn kan ń lò fún oorun kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbàlagbà: ẹnu á gbẹ, orí á sì máa wúwo di ọ̀sán.

Ìrora a máa lé oorun lọ, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí kì í tètè yé èèyàn ni pé àìsùn náà a máa sọ ìrora di ńlá. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tí ara wọn le koko: bí wọn kò bá jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, lọ́jọ́ kejì, ohun tí kò dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ dúró kí orúnkún san ná kí ẹ tó wá oorun. Orúnkún ọlọ́dún mẹ́fà kò ní san lọ́sẹ̀ yìí. Oorun lè dára láàárín oṣù kan sí méjì pẹ̀lú orúnkún yìí kan náà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí aago márùn-ún ààbọ̀, wákàtí mẹ́sàn-án lẹ fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Márùn-ún lẹ fi sùn. Ẹ wá tún fi kún un ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Lójú tèmi, kì í ṣe orúnkún nìkan ló ń jí yín ní aago kan ààbọ̀. Ara ti sun èyí tó kó sílẹ̀ tán ni. Ẹ ti tètè dùbúlẹ̀ jù, ọ̀sán sì ti jẹ nínú ti òru. Orúnkún kàn bá yín níbi tí ojú yín ti là, tí kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè gbọ́, ló fi dà bíi pé òun nìkan ló wà láyé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ má gun bẹ́ẹ̀dì títí di aago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹ sì dìde ní aago márùn-ún ààbọ̀ yín, bó ti wù kí òru rí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tó ti ọjà dé. Ẹ jókòó sí pálọ̀, ẹ ṣe ìṣirò ọjà, ẹ wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sùn sídìí tẹlifíṣọ̀n. Tòògbé ọ̀sán kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kó sì parí kí aago mẹ́ta tó lù. Nígbà tí ẹ bá ti ń fi èyí tó pọ̀ nínú wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yẹn sùn, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi kún un. Ara lè wúwo díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ní wárápá kò gbọdọ̀ dán èyí wò láìrí dókítà.

Bí ojú bá ṣì là lóru, ẹ má wo aago. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí oorun kò padà, ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ jókòó sí àga, kí iná má mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbàdúrà tàbí kí ẹ na ẹsẹ̀; fóònù ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ojú bá tún kún fún oorun lẹ ó padà. Bí èèyàn bá ń fi wákàtí mẹ́rin jìjàkadì lórí bẹ́ẹ̀dì lóròòru, bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ á di ibi tí ara ti ń múra ìjà. Kì í ṣe èrò orí mi lásán: ní 2016, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, sọ pé irú ìtọ́jú báyìí, tí wọ́n ń pè ní CBT-I, ló yẹ kó ṣáájú oògùn fún àgbàlagbà tí àìsùn ti di bárakú fún.

Ó kan bí ẹ ṣe ń sùn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ sì ká orúnkún díẹ̀, kó má ká jù. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kó gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á fi ìrọ̀rí kékeré sí orúnkún nìkan, ẹsẹ̀ òkè á rọ̀ wálẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀, á sì máa fa ìbàdí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ kò ní wá a tì. Ẹ ká ìró àtijọ́ mẹ́ta, ẹ so ó pọ̀, ó ti tó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ fi lélẹ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún á tu ìbàdí lára, àmọ́ ẹ má fi mọ́jú. Orúnkún tó bá ń ká lóròòru kì í fẹ́ nà mọ́ tó bá yá, ìrìn á sì wá ṣòro. Ẹ lò ó fún ìdajì wákàtí, kí ẹ yọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yí padà, èjìká àti ìbàdí ni kó jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúnkún méjèèjì papọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lóru, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná, ẹ na orúnkún kọ̀ọ̀kan, ẹ ká a, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé ara lé e. Oríkèé tó ti dúró sójú kan ti gan. Èyí ló ń tú u. Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́, mà. Orúnkún yín ni yóò san owó rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dìde. Ti fóòmù líle, àwọn tó ń tà á ni ẹnu wọn dùn. Ní Sípéènì, wọ́n pín èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn sí orí fóòmù líle àti èyí tó le díẹ̀. Àbájáde rẹ̀, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2003, ni pé àwọn tó sùn sórí èyí tó le díẹ̀ ló sàn fún jù lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí ti yín kò bá tíì ní kòtò láàárín, ẹ tọ́jú owó yín.

Nǹkan wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn, ẹ fi omi lílọ́ wẹ̀, tàbí kí ẹ fi táwẹ́lì gbígbóná lé orúnkún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ti fi Robb tàbí Aboniki pa á, ẹ má gbé ohun gbígbóná lé e rárá, ó máa ń jó èèyàn lára. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, torí ẹsẹ̀ lè má mọ̀ pé ó ń jóná.

Ọ̀sán náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpótí kékeré lẹ ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí àga tó ga, tí ìbàdí yóò fi ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Lórí àga yẹn, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ dá a dúró kí ẹ ka oókan dé àrùn-ún, ẹ gbé e sílẹ̀. Mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹran itan ló ń gbé orúnkún ró. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó rí èrè rẹ̀, ẹ má jáwọ́ ní ọjọ́ kẹta.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n máa ka ohun tí mo kọ yìí dípò ọsibítù: ẹni tí ìrora rẹ̀ kì í dẹ̀ ní ipòkípò lóru, ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, tó ń gbóná, tàbí tó ti ní jẹjẹrẹ rí. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tí abẹ́ ò mọ ọwọ́ mọ́, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò ṣeé dá dúró, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Bí ẹlòmíràn nínú ilé bá sì sọ pé ẹ ń han-an-run, pé èémí yín máa ń dúró lójú oorun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ìṣọ́ òru ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò ní bà á jẹ́. Ẹ máa lọ. Ẹ gbé ìrọ̀rí dání láti fi jókòó, ẹ dìde rìn díẹ̀ bí orin bá ti ń lọ, ẹ má sì fi gbogbo ọjọ́ kejì san gbèsè oorun náà: wákàtí kan àtààbọ̀ láàárọ̀ tó, kí aago mọ́kànlá alẹ́ lè bá yín pẹ̀lú oorun lójú.