Ìka tí bọ́ọ̀lù gbá: má jẹ́ kí wọ́n bá ẹ fà á

Àbúrò, o ní bọ́ọ̀lù gbá ẹ lórí ìka àárín lánàá níbi tó o ti ń ṣọ́lé, ó ti wú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ wá ní kó o jẹ́ káwọn fà á kó ró kọ̀ọ̀. Jọ̀ọ́, má gbà o. Kípà lèmi náà, wọ́n ti fa tèmi rí, ojú mi rí tó.

Òrùka tó bá wà lọ́wọ́ yẹn, yọ ọ́ báyìí kó tó wú jù (ọṣẹ la fi yọ tèmi, díẹ̀ ló kù ká wá ayùn). Pure water tó ti dì gbagidi, fi aṣọ wé e, gbé e lé ìka náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, gbé e kúrò, tó bá ṣe díẹ̀ kó o tún gbé e lé e. Ìpara gbígbóná àti omi gbóná tí wọ́n fẹ́ fi jó o nílé, ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì mẹ́ta, á kàn tún mú un wú sí i ni. Tó o bá fẹ́ dì í, so ó mọ́ ìka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, fi òwú sáàárín, kí plásítà má gun oríkèé, má sì fún un débi tí orí ìka á fi ṣú.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: gbé ọwọ́ lé tábìlì, kó o na ìka yẹn fúnra ẹ. Tí orí ẹ̀ bá dorí kodò bí ẹni tó ń tòògbé, tí kò gbéra, iṣan tó ń nà án ló já yẹn. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn, kò tiẹ̀ dùn mí púpọ̀, ni mo bá ń fi ìpara pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ya x-ray, wọ́n fi ike kékeré kan gbé orí ìka náà dúró, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀tún ni o! Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n gbé àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì síwájú mi, mo ní ẹ jẹ́ n yọ ike yìí kí n jẹun bí ọmọ èèyàn, òkèlè kejì ni mo rí i tí orí ìka tún wólẹ̀. Dókítà ò bá mi jà, ó kàn ní ká bẹ̀rẹ̀ kíkà látọjọ́ kìíní. Ṣíbí ni mo fi ń jẹ àmàlà títí ó fi pé.

Tó bá nà dáadáa, yìnyín àti plásítà lè tó. Tí kò bá nà, tàbí tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọsibítù lọ́la, má dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Tìẹ ńkọ́, ó nà àbí kò nà?