“Ó yé wa, mà!”, síbẹ̀ wọn ò rí ìṣirò náà ṣe: kí ni olùkọ́ lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ 62 ló wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá kọ́ wọn ní ìyọkúrò tán, mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, gbogbo wọn á sì pariwo pé “Ó yé wa, mà!” Bí mo bá wá fún wọn níṣẹ́ ṣe, èyí tó ju ìdajì lọ á ṣì í. Ẹ̀rù ìṣirò ń bà wọ́n, àwọn míì kì í tiẹ̀ wá lọ́jọ́ ìdánwò. Kò sì sówó ohun èlò. Báwo ni mo ṣe lè mú un rọrùn fún wọn, kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, mà. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ 62 nínú yàrá kan, tó tún ń wá bí yóò ṣe yé wọn, ó yẹ ká kí i.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: “Ṣé ó yé yín?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí àgbà bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló mọ̀ tí kò ní jọ àfojúdi. Kò parọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Òmíràn sì rò lóòótọ́ pé ó yé òun, torí bí ẹ ti ń ṣe é lójú pátákó ló ń fojú bá yín lọ. Ìgbà tó bá ku òun àti ìwé rẹ̀ ló tó mọ̀ pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì ti bo àwọn tí kò lanu rárá mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ 52 − 38 sójú pátákó, kí ẹ kọ èsì mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: èkíní 26, èkejì 14, ẹ̀kẹta 24. Ẹ ní kí gbogbo wọn dijú, kí oníkálukú gbé ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta síwájú àyà rẹ̀. Ẹ má fi dídijú yẹn ṣeré o, torí bí wọ́n bá lajú, ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbà pé orí rẹ̀ pé ni gbogbo wọn á máa wò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti rí inú kíláàsì yín.

14 ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì í ló yẹ kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹni tó mú 26 rí 2 lókè, ó rí 8 nísàlẹ̀, ó ní a ò lè mú 8 kúrò nínú 2, ló bá yí i padà: ó mú 2 kúrò nínú 8, ó ku 6, ó mú 3 kúrò nínú 5, ó ku 2. Ẹni tó mú 24 sàn jù ú lọ. Ó mọ̀ pé a máa sọ 2 di 12, ó mú 8 kúrò, ó ku 4. Ohun tó gbàgbé ni pé 5 tó mú mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 4. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn kan náà ò lè wò wọ́n. Bí ẹ bá kàn fi bíró pupa fa igi lé àwọn méjèèjì lórí, wọn ò ní mọ ohun tó mú wọn ṣì í, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀.

Ìgbálẹ̀ ni oògùn ẹni tó mú 26. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ ìgbálẹ̀ 20 wá láti ilé, kí wọ́n gé e kó gùn tó ìka ọwọ́. Ìyẹn máa jẹ́ 1,240. Ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ 11, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹ kó gbogbo ìgbálẹ̀ náà pọ̀, kí ẹ sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 110. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi òwú tàbí rọ́bà di mẹ́wàá mẹ́wàá títí wọn á fi ní ìdì mẹ́wàá, kí ẹyọ mẹ́wàá sì wà nílẹ̀ láìdì. Kí ẹgbẹ́ kan ka ti ẹgbẹ́ kejì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìdì tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ó yá, ẹ ní kí wọ́n kó 52 sílẹ̀: ìdì márùn-ún, ẹyọ méjì. Ẹ wá ní, “Ẹ fún mi ní 38 níbẹ̀.” Wọ́n á kó ìdì mẹ́ta fún yín kíákíá, wọ́n á fi ẹyọ méjì lé e, wọ́n á wá dúró. Ibí yìí ni kí ẹ ti panu mọ́. Ẹ má sọ fún wọn. Wọ́n á máa wo ara wọn, wọ́n á máa wo ìdì méjì tó kù nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ọmọ kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Mẹ́wàá dà sílẹ̀, wọ́n mú mẹ́fà tó kù fún yín, ẹ ní kí wọ́n ka èyí tó ṣẹ́ kù: ìdì kan, ẹyọ mẹ́rin. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì yẹn ti mọ ìdí tí 5 fi ń di 4, ẹ ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo fẹ́ kí ẹ máa lo “tú” dípò “yá” tí a máa ń lò. Ọmọ mọ̀ pé ẹni tó bá yá nǹkan máa san án padà, àmọ́ nínú ìṣirò yìí kò sẹ́ni tó ń san ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yẹn ń da ọ̀pọ̀ wọn láàmú, wọn ò sì ní lè sọ pé òun ni.

Ohun tó sábà máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni pé olùkọ́ nìkan á mú ìgbálẹ̀ níwájú, tí àwọn ọmọ á máa wòran, tàbí pé a lò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo a kó o jù sí kọ̀rọ̀. Ẹ lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lọ́jọ́ kìíní, ìgbálẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá ti tú ìdì, kí wọ́n fa igi lé 5 nínú ìwé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ 4 sórí rẹ̀; ibí ni ẹni tó mú 24 máa ti rí àṣìṣe rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n kọ ọ́ láìlo ìgbálẹ̀, kí wọ́n wá fi ìgbálẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà kan tún wà tí èdè wa ti là sílẹ̀ de àwọn ọmọ yìí. Kí ni à ń pe 38? Méjìdínlógójì: ó ku méjì kó pé ogójì. Láti 38 dé 40 jẹ́ 2. Láti 40 dé 52 jẹ́ 12. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ọmọ tó ń ka owó ní Yorùbá lọ́jà ìyá rẹ̀ ń ṣe ìyọkúrò lẹ́nu lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìṣirò lohun tó ń ṣe yẹn. Mi ò mọ ohun tó ń gba ọmọ níyànjú ju kó rí i pé òun ti mọ̀ lára ohun tó ń ba òun lẹ́rù.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín nítorí pé ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì jó rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìdánwò ti ń bọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa kọ gbólóhùn méjì mẹ́ta tí wọ́n máa bá pàdé sí ẹ̀gbẹ́ pátákó. “How many more” ló burú jù nínú wọn. Bí ọmọ bá ti rí “more”, yóò ro nǹkan pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyọkúrò ni wọ́n ń béèrè.

Ní ti ìbẹ̀rù, ohun méjì ló wà lọ́wọ́ yín. Àkọ́kọ́ ni sùúrù lẹ́yìn ìbéèrè. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Níbi tí olùkọ́ bá ti dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sókè, àwọn ọmọ tó ń dáhùn ń pọ̀ sí i, èsì wọn sì ń kún sí i. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú yín, kí ẹ tó dárúkọ ọmọ. Ẹ má dárúkọ ṣáájú ìbéèrè, torí àwọn 61 yòókù á sinmi.

Ìkejì ni pàṣán. Ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì lásìkò ìṣirò, kódà bí ẹ kì í bá lò ó. Ọmọ tó ń wo pàṣán ò lè fọkàn ka ìdì. Tó bá ṣì í, ẹ ní, “Fi ìgbálẹ̀ hàn mí bí o ṣe rí i.” Lọ́pọ̀ ìgbà á rí àṣìṣe rẹ̀ kó tó ṣe é tán. Tó bá gbà á, ẹ má fi “olórí pípé” mọ níbẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an: “O káre, o rántí pé 5 ti di 4.” Ìyẹn ló lè tún ṣe lọ́la.

Níkẹyìn, àwọn kan wà nínú 62 yẹn tí ìṣòro wọn kì í ṣe ìyọkúrò. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka 7, 43 àti 80 fún yín, kí wọ́n sì ṣe 9 − 4. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá ń pe ọmọ 13 lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Àjọ Pratham ní Íńdíà ti fi irú àyẹ̀wò kékeré báyìí pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tó, dípò ọjọ́ orí wọn. Ẹni tí kò bá dá 43 mọ̀, ẹ má tíì fún un ní 52 − 38. Kó máa di ìdì, kó máa sọ ohun tó dì, kó máa kọ ọ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọmọ kan tó ti mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún pè é kó wá ka 43 fún yín.