Ṣé òkúta ojú sánmà kì í já sí ilẹ̀ Yorùbá ni?

Ẹ béèrè ìdí tí àkọsílẹ̀ òkúta tó já láti ojú sánmà fi pọ̀ ní Faransé, India àti Morocco, tí tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Òkúta kì í ṣa ilẹ̀. Ìṣirò àwọn onímọ̀ tiẹ̀ fi hàn pé agbedeméjì ayé ń gbà á ju ìpẹ̀kun méjèèjì lọ. Ta ló rí i, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo Zagami ní Katsina, lọ́dún 1962. Àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná lóko àgbàdo ni òkúta bíi kìlógíráàmù 18 bá já lulẹ̀ nítòsí rẹ̀, láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars! Ká ní inú igbó kìjikìji ló bọ́ sí, ta ni ì bá mọ̀? Bununu (1942), Kabo (1971), Mayo Belwa (1974), Gujba (1984), Òkè Ọya ni gbogbo wọn, níbi tí igi kò ti dí ojú. Ti Gujba, àwọn ará ibẹ̀ ti fọ́ ọ pín.

Ní Faransé, àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ọ̀rọ̀ òkúta tó já láti ojú sánmà ní àhesọ ará oko, àfìgbà tí òkúta bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rọ̀ sí L'Aigle ní 1803, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jean-Baptiste Biot, sì lọ wádìí lẹ́nu àwọn ará abúlé. Ní India, èrò pọ̀ lóko, Geological Survey, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, sì ń kó o jọ láti sẹ́ńtúrì 19. Ní Morocco, owó ni. Òkúta tí wọ́n ń pè ní Tissint já lóru ní July 2011, àwọn darandaran ò sì sinmi títí wọ́n fi rí i ní October.

Níhìn-ín ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn yẹ òkúta wò, láti Ìsẹ́yìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdàrọ́ ló pọ̀ jù, pàǹtí irin tí àwọn baba wa yọ́ láyé àtijọ́. Òòfà lè fà á, ẹni tó gbé e wá á sì ti máa ka dọ́là. Mo ti gun ọ̀kadà lọ sọ́nà jíjìn nítorí ẹ̀, mo ti fi owó ara mi ṣe àyẹ̀wò. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá pọ̀ lára rẹ̀ bíi búrẹ́dì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹdùn àrá ní tiẹ̀, àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí mo rí. Mi ò sì bá oníṣàngó jiyàn.

Òjò wa náà ń dá kún un. Awọ dúdú tín-ínrín ló máa ń bo òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ á dípẹtà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jọ yangí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí nǹkan bá bú gbàmù lókè, àrá la ó pè é, kálukú á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá rí i tó ń já, ẹ kọ aago àti ìhà tó gbà lọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn tó ní kámẹ́rà sí ẹnu géètì. Ẹ fi nájílọ̀n tó mọ́ gbé e, ẹ má fi òòfà kàn án rárá, torí ó ń ba ohun tí àwọn onímọ̀ fẹ́ wò nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kankan.