Kí ni ìjìyà ẹni tó bá kọ ìdájọ́ àlùfáà tàbí onídàájọ́ nínú òfin Mósè?

Ikú ni. Diutarónómì 17:12 sọ pé ẹni tó bá fi ìkùgbù kọ̀ láti gbọ́ ti àlùfáà tó ń ṣiṣẹ́ níwájú Olúwa, tàbí ti onídàájọ́, kíkú ni yóò kú.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń dé iwájú àlùfáà àti onídàájọ́ yìí o. Àwọn onídàájọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ibodè (16:18). Èyí tó bá ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́, bí ọ̀rọ̀ ìtàjẹ̀sílẹ̀ tàbí ìlunilára, ni wọ́n ń gbé lọ síbi tí Olúwa yàn. Ìdájọ́ ibẹ̀ ni òpin. Kò sí pé à ń yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Jèhóṣáfátì ọba Júdà gbé irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù: Amaráyà olórí àlùfáà fún ọ̀ràn Olúwa, Sebadáyà fún ọ̀ràn ọba (2 Kíróníkà 19:11).

“Ìkùgbù” yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó gbọ́ ìdájọ́ yékéyéké, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí i, ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.