Ṣé olórin lásán ni Miriam Makeba?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ń jiyàn, ó ní olórin lásán ni Miriam Makeba, pé àwọn èèyàn kàn ń fi kún un ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ìwọ lo jàre, sọ fún un kó lọ jókòó. Johannesburg ní South Africa ni wọ́n bí i sí ní 1932, orin ló gbé e dé Amẹ́ríkà, àmọ́ ní 1960 tí ìyá ẹ̀ kú tó fẹ́ padà lọ sìnkú, ló bá rí i pé ìjọba South Africa ti fagi lé páspọ́ọ̀tù òun. Ẹ gbọ́ ná, ìsìnkú ìyá ẹni! Kò panu mọ́ o, ní 1963 ó lọ sọ̀rọ̀ níwájú UN, ó tú àṣírí apartheid, ìyẹn òfin tó fi ń ya aláwọ̀dúdú sọ́tọ̀ sí aláwọ̀funfun, síta, ni ìjọba South Africa bá gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tún fòfin de orin ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti Amẹ́ríkà tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un, tó gba àmì ẹ̀yẹ orin Grammy níbẹ̀ pẹ̀lú olórin Harry Belafonte ní 1966, bó ṣe fẹ́ Stokely Carmichael, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀dúdú, ní 1968 báyìí, ṣe ni wọ́n ń kánsù ṣóò ẹ̀, ni tọkọtìyàwó bá kó lọ sí Guinea. 1990 ló tó padà sílé, ọgbọ̀n ọdún gbáko! Ṣóò kan tó lọ ṣe ní Ítálì ní 2008 ló ti dìgbò lulẹ̀, ó sì kú.