Lẹ́tà owó tó tètè dé jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o Ẹ̀gbọ́n. September 2025 ni mo forúkọ kọ́ńpìnì mi sílẹ̀ ní Companies House (ọ́fíìsì ìjọba UK tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀), oúnjẹ òde ni mò ń sè, jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ín-mọ́ín, puff-puff, gbogbo ẹ̀. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí lẹ́tà kan fi já wọlé, orúkọ kọ́ńpìnì mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ pé, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, wọ́n wá ní kí n san 195 pọ́ùn owó registration láàárín ọjọ́ méje. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n tètè san án kí wọ́n má baà ti ìṣòwò mi pa. Ṣé kí n san án ni? Ìyá Olónjẹ, Peckham.

Ìdáhùn: Ìyá Olónjẹ, ẹ kú oríire kọ́ńpìnì tuntun o. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí gbogbo nọ́ńbà yẹn ṣe pé ló já yín láyà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ Companies House ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ú lè wo orúkọ kọ́ńpìnì, àdírẹ́sì ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ dírẹ́kítọ̀. Àwọn tó kọ lẹ́tà yìí kàn ń ṣọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, bí àgbèrò ṣe ń dúró de ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí gáréèjì.

50 pọ́ùn tẹ́ ẹ san lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, òun ni owó ìforúkọsílẹ̀, ó ti tán. Èyí tó kù ni confirmation statement, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti jẹ́rìí pé àkọsílẹ̀ kọ́ńpìnì ṣì pé, 34 pọ́ùn ni lásìkò tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ (13 ni tẹ́lẹ̀, May 2024 ni wọ́n fowó kún un, ẹ máa wò ó lórí gov.uk kẹ́ ẹ tó san torí wọ́n lè tún fowó kún un), ó sì di ìgbà tí kọ́ńpìnì bá pé ọdún kan kí wọ́n tó máa retí ẹ̀. Ta ló wá ń gbowó lọ́jọ́ kẹsàn-án?

Ẹ yí lẹ́tà yẹn sẹ́yìn wò. Tèmi lọ́dún 2019, àwòrán kan tó jọ adé ọba wà lókè, barcode wà nísàlẹ̀, wọ́n fi pupa kọ ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ san. Ẹ̀yìn ìwé ni òótọ́ wà, lẹ́tà wínníwínní aláwọ̀ eérú, tọ́ọ̀ṣì fóònù àti awò ojú ìyàwó mi ni mo fi kà á: èyí kì í ṣe bíìlì o, a kàn ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ wá forúkọ sínú ìwé tiwa ni. Mo ti sanwó nígbà yẹn.

Àmọ́ ẹ má kó gbogbo lẹ́tà dànù o. HMRC, àjọ tó ń gbowó orí, máa fi nọ́ńbà owó orí oní-dígíìtì mẹ́wàá ránṣẹ́ sí kọ́ńpìnì yín, wọn ò ní béèrè owó nínú lẹ́tà yẹn. ICO, àjọ tó ń rí sí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn èèyàn, náà máa ń kọ̀wé lóòótọ́ nípa owó data protection, 52 pọ́ùn ni fún oníṣòwò kékeré gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló kàn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Tẹ́nì kan bá sì pè pé òun fẹ́ authentication code, kóòdù tí Companies House fún kọ́ńpìnì yín, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lójú, kóòdù yẹn dà bí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń buwọ́ lùwé fún kọ́ńpìnì.

Tẹ́ ẹ bá ti lọ san án kí ìdáhùn yìí tó jáde, ẹ pe 159, wọ́n á so yín mọ́ báǹkì yín. Láti October 7, 2024 ni òfin ti ní kí báǹkì máa dá owó jìbìtì irú ẹ̀ padà tó bá jẹ́ láti báǹkì sí báǹkì lẹ fi ránṣẹ́, ó kan àwọn oníṣòwò kékeré gan-an náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wínníwínní ẹ̀yìn ìwé yẹn lè mú kí wọ́n máa bá yín jiyàn, nítorí náà òní ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ ya lẹ́tà yẹn ní fọ́tò kẹ́ ẹ fi han Companies House. Ká ní kì í ṣe gáàsì lẹ fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ fi dáná.