Èsì: Bí kọ̀ǹpútà mẹ́rin ṣe lè máa rí ohun kan náà

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìmeèlì ọ́fíìsì yín ní Kabba ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn mẹ́ta yòókù ò rí i, ẹ sì fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa lo kàlẹ́ńdà àti fáìlì kan náà. Ó jọ pé POP, ọ̀kan lára ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà gba ìmeèlì, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. POP máa ń kó lẹ́tà wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan, ó sì sábà máa ń pa á rẹ́ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìmeèlì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí i sí IMAP, ọ̀nà tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà, gbogbo yín á máa rí i. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn tó ti wà lórí ẹ̀rọ yẹn o!

Kàlẹ́ńdà ò le: ẹ ṣí ọ̀kan lórí Google, kí ẹ pín in fún àwọn yòókù.

Fáìlì gan-an ni wàhálà. Nẹ́tíwọ̀kì wa níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Syncthing, ètò kan tó ń mú kí fáìlì orí kọ̀ǹpútà púpọ̀ bára mu, lèmi ń lò ní Ìsánlú. Ọ̀fẹ́ ni, Wi-Fi inú ọ́fíìsì tó o, kò dúró de dátà. Ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ jọ wà ní títàn. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, tí Wi-Fi sì kú, èmi àti akọ̀wé wa jọ ń tún ìwé owó oṣù kan náà ṣe lórí bátìrì. Nígbà tí iná dé, fáìlì méjì la bá, "sync-conflict" (ìyẹn ni pé àtúnṣe méjì forí gbárí) wà lára orúkọ ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ odindi la fi tò ó pọ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i á kọ́kọ́ pariwo.